Ta Ni A Kọ Ọ́ Fún? Àyẹ̀wò Ìtàn Ìwé Ọmọdé ní Èdè Yorùbá

Nígbà tí mo ń ṣe olùkọ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìgbájọ, mo ka àlọ́ Ìjàpá kan fún àwọn ọmọ ìwé kẹrin láti inú ìwé kíkà wọn. Bí mo ti kà á tán, tí mo ń múra àtibéèrè àwọn ìbéèrè tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ojú-ìwé, ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè. Ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, orin rẹ̀ dà?" Kò sí orin nínú ìwé náà. Ẹni tí ó kọ ọ́ ti yọ orin kúrò, ó sì fi gbólóhùn kan dípò rẹ̀ pé Ìjàpá kọrin, àwọn ènìyàn sì gbè é. Ọmọ náà kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó dìde, ó dá orin náà bí ìyá àgbà rẹ̀ ti máa ń dá a nílé, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì gbè é títí olùkọ́ kíláàsì kejì fi wá yọjú lójú fèrèsé.

Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè ọmọ yìí ti wà lọ́kàn mi. Àwa akọ́mọlédè mọ bí a ti í fi àlọ́ kọ́ni. A mọ bí a ti í béèrè pé ẹ̀kọ́ wo ni ìtàn yìí kọ́ wa. Ṣùgbọ́n a kì í sábà dúró wádìí bí ìwé tí a gbé lé ọmọ lọ́wọ́ ti ṣe di ohun tí ó dà, àti ẹni tí òǹkọ̀wé ní lọ́kàn nígbà tí ó ń kọ ọ́. Èrò tèmi ni pé inú kíláàsì ni a bí ìwé ọmọdé Yorùbá sí, olùkọ́ ni ó bí i, ìdánwò ni ó sì wò ó dàgbà. Ibẹ̀ ni ire rẹ̀ ti wá, ibẹ̀ náà ni àbùkù rẹ̀ sì ti wá. Ẹ jẹ́ kí a tọ ipasẹ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

N kò ní í pẹ́ lórí lítíréṣọ̀ alohùn, nítorí pé àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ti kọ púpọ̀ lórí rẹ̀. Kí ìwé tó dé ni ọmọ Yorùbá ti ní àlọ́ àpamọ̀, àlọ́ àpagbè, orin eré òṣùpá àti orin arẹmọ. Ohun kan péré ni mo fẹ́ kí a fi sọ́kàn: àlọ́ kì í ṣe ti ọmọdé nìkan. Àgbà ni ó ń pa á, ọmọdé ni ó ń gbè é, ẹni tí oorun bá sì gbé lọ kò jẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Kò sí ẹni tí yóò bi í ní ìbéèrè márùn-ún nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́.

Àwọn oníwàásù ìjọ Kírísítì ni ó fi èdè wa sínú ìwé fún ọmọdé láti kà. Ní 1843 ni Samuel Ajayi Crowther tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde. Ní 1853 ni David Hinderer àti Anna ìyàwó rẹ̀ dé Ìbàdàn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn ọmọ sí ọ̀dọ̀ láti kọ́ wọn ní ìwé. Ìwé tí ọmọ kọ́kọ́ ń dì mú ní ayé ìgbà náà ni ìwé ABD, èyí tí a ti fà yọ orúkọ tí a ń pe gbogbo álífábẹ́ẹ̀tì wa títí di òní, ìyẹn ábídí. Ète rẹ̀ kò fara sin: kí ọmọ lè ka Bíbélì. Ní 1866, ìtumọ̀ tí Hinderer ṣe sí ìwé John Bunyan jáde ní orúkọ Ìlọsíwájú Èrò-Mímọ́. Bunyan kò kọ ọ́ fún ọmọdé, ṣùgbọ́n ó bọ́ sí ọwọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé, nítorí pé ìtàn gígùn tí ó ní ìrìn-àjò, òmìrán àti ìdẹ́rùbà nínú kò pọ̀ ní èdè Yorùbá nígbà náà. Ẹni tí ó bá ti ka Fágúnwà yóò mọ̀ pé irúgbìn yẹn kò ṣègbé.

Kí n tó kúrò ní ọ̀rúndún náà, n ó yà sí Ìgbájọ díẹ̀. Itòsí ìlú yìí ni ibùdó ogun Ìbàdàn wà nígbà ogun Kírìjì, tí ti Èkìtìparapọ̀ sì wà ní ìhà Ìmẹ̀sí-Ilé. Ogun náà bẹ̀rẹ̀ ní 1877. A tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní 1886, ṣùgbọ́n ó di 1893 kí gbogbo rẹ̀ tó tán pátápátá. Samuel Johnson, tí ó ti ṣe olùkọ́ ilé-ìwé ní Ìbàdàn kí ó tó di àlùfáà, wà lára àwọn tí ń gbé ọ̀rọ̀ àlàáfíà lọ bọ̀ láàrin ibùdó méjèèjì. Nígbà tí ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, ohun tí ó kùn lé lórí nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ni pé àwọn ọ̀mọ̀wé wa mọ ìtàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti Róòmù àti ti Gíríìkì, wọn kò sì mọ ti ilẹ̀ tiwọn. Ẹ̀hónú olùkọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ ìwé náà, 1921 ni ó sì tó jáde, lẹ́yìn tí òun fúnra rẹ̀ ti kú ní 1901. Ọmọ Ìgbájọ tí ó gbọ́ nípa ìbọn Kírìjì lẹ́nu bàbá àgbà rẹ̀ ní láti kọ́kọ́ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa kí ó tó lè kà nípa ẹ̀yìnkùlé ilé wọn.

Ẹni tí ó gbé irú ìtàn bẹ́ẹ̀ fún ọmọdé ní èdè Yorùbá ni A. L. Hethersett, akọ̀wé àti ògbufọ̀ ìjọba ní Èkó. Òun ni ó ni Ìwé Kíkà Ẹkẹrin tí àwọn ìjọ CMS tẹ̀ jáde ní 1911. Ìwé kíkà kíláàsì ni, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ṣí i bá Ṣàngó pàdé níbẹ̀, ó sì bá Baṣọ̀run Gáà pàdé, pẹ̀lú gbogbo ìkà rẹ̀, láìsí pé òǹkọ̀wé ń dúró ní gbogbo ìlà láti wàásù. Ní ojú tèmi, ibí yìí ni ìwé ọmọdé Yorùbá ti bẹ̀rẹ̀ ní tòótọ́. Ẹ̀rí mi nìyí: àwọn onímọ̀ ti fi hàn pé ìtàn Ṣàngó inú ìwé yìí ni Dúró Ládiípọ̀ gbé eré Ọba Kò So kà, èyí tí ó kọ́kọ́ ṣe ní Òṣogbo ní 1963, tí ó sì gbé dé Berlin ní ọdún kejì. Ẹ ronú sí i. Ìwé tí a fi ń kọ́ ọmọ ìwé kẹrin ní kíkà ni ó bí ọ̀kan nínú àwọn eré orí-ìtàgé tí ó lókìkí jù lọ ní ilẹ̀ Yorùbá. Ìwé kan kì í ṣe irú èyí bí ẹni tí ó kọ ọ́ bá ro ọmọdé pin.

Lẹ́yìn èyí ni Daniel Ọlọ́runfẹ́mi Fágúnwà. Gbogbo wa ni ó mọ̀ pé ìdíje tí ẹ̀ka ètò-ẹ̀kọ́ ìjọba ṣe ní 1936 ni ó fa Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde, àti pé 1938 ni a tẹ̀ ẹ́. Ohun tí a kì í sábà rántí ni iṣẹ́ tí ó ń ṣe ní àkókò náà. Láti 1930 sí 1939, àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ni Fágúnwà ń kọ́, ní ilé-ìwé tí àwọn olùkọ́-ń-bọ̀ ti ń fi iṣẹ́ kọ́ra ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Andrew Mímọ́ ní Ọ̀yọ́. Ẹni tí ó bá ti jókòó ti àwọn ọmọ ọdún márùn-ún yóò dá ohùn náà mọ̀ nínú ìwé rẹ̀: bí ó ti ń pe òǹkàwé mọ́ra, bí ó ti ń ka nǹkan jọ títí ẹ̀rín yóò fi pa ni, bí ó ti ń dá ìtàn dúró láti béèrè bóyá a ń gbọ́. Ǹjẹ́ ìwé ọmọdé ni Ògbójú Ọdẹ? Àwọn kan nínú wa yóò jiyàn pé rárá, pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jinlẹ̀ ju orí ọmọdé lọ. Mo gbà pé ó jinlẹ̀. Ṣùgbọ́n àlọ́ náà kì í ṣe ti ọmọdé nìkan, bí mo ti wí ṣáájú, ọmọdé sì ti ń gbádùn rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́.

Nígbà tí Fágúnwà pinnu láti kọ ìwé fún ọmọdé gan-an, ohùn rẹ̀ yí padà. Òun àti L. J. Lewis ni ó jọ kọ ọ̀wọ́ ìwé kíkà Táíwò àti Kẹ́hìndé, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní òpin àwọn ọdún 1940. Iṣẹ́ gidi ni, a sì fi kọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ ní ìwé. Ṣùgbọ́n àwọn ìbejì inú rẹ̀ mọ́ tónítóní jù fún mi. Wọn kì í ṣe ọmọ tí ó lè sọnù sínú igbó kankan.

Orúkọ tí ó wà lẹ́nu gbogbo ẹni tí ó bá ka ìwé Yorùbá ní ilé-ìwé ni Aláwìíyé. J. F. Ọdúnjọ ni ó kọ ọ́. Ìbarà ní Abẹ́òkúta ni a bí i sí ní 1904, olùkọ́ ni ó jẹ́ ní àwọn ilé-ìwé ìjọ Kátólíìkì, ó sì ṣe mínísítà ní ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ní àwọn ọdún 1950, kí ó tó kú ní 1980. Àwọn ọdún 1940 ni Aláwìíyé bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Orúkọ ìwé náà sọ ohun tí Ọdúnjọ fẹ́ ṣe: kí ó wí, kí ó sì yé ọmọ. Ọ̀rọ̀ kéékèèké ni ó fi bẹ̀rẹ̀, ó tò wọ́n di gbólóhùn, gbólóhùn di ìtàn, ìtàn sì ń gùn sí i láti ìwé kan dé èkejì, títí ọmọ yóò fi bá òwe àti ewì pàdé láìmọ̀ pé òun ti rìn jìnnà. Ewì rẹ̀ nípa iṣẹ́ ṣíṣe wà lórí ahọ́n ẹni tí kò rántí orúkọ olùkọ́ tí ó kọ́ ọ mọ́. Kì í ṣe ẹ̀kọ́ inú ewì náà ni ó mú kí ó dúró sórí ahọ́n bẹ́ẹ̀; ohùn rẹ̀ ni. Ọdúnjọ mọ̀ pé etí ni ọmọdé fi ń kàwé kí ó tó di pé ojú ń kà á.

Àsìkò sì bá a mu. Ní oṣù kìn-ín-ní 1955 ni ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Láàrin ọdún kan, iye ọmọ tí ó wà ní ilé-ìwé súnmọ́ ìlọ́po méjì iye ti tẹ́lẹ̀. Gbogbo wọn ni ó nílò ìwé. Láti ìgbà yìí ni ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé, ti òyìnbó àti ti ọmọ ilẹ̀ wa, ti mọ̀ pé owó wà nínú ìwé Yorùbá, bí ó bá ti lè wọ inú àtẹ ìwé tí ilé-ìwé ń lò. Èyí tí kò bá wọ ibẹ̀ ńkọ́? Eruku ni yóò bò ó ní ìsọ̀. Ìwé ìròyìn Àwòrẹ́rìn, tí ẹ̀ka ìtẹ̀wé ilé-iṣẹ́ ètò-ẹ̀kọ́ ìjọba ní Ìbàdàn ń ṣe, jẹ́ ọ̀kan nínú ìwọ̀nba ohun tí ọmọdé lè kà nítorí pé ó wù ú. Ní ẹ̀ka ìtẹ̀wé yìí kan náà ni Fágúnwà ti ṣiṣẹ́ láti 1955 sí 1959.

Ọdúnjọ fúnra rẹ̀ gbìyànjú láti jáde kúrò nínú kíláàsì. Ní 1964 ni ilé-iṣẹ́ African Universities Press tẹ ìtàn-àròsọ rẹ̀ tí ń jẹ́ Kúyè jáde. Odi ni ọmọ tí ìtàn náà dá lé lórí. Kò gbọ́ràn, kò sì lè sọ̀rọ̀. Ní inú lítíréṣọ̀ tí ó gbára lé ohùn tó báyìí, òǹkọ̀wé Aláwìíyé gbé ọmọ tí kò lè gbè orin àlọ́ ka àárín, ó sì ní kí òǹkàwé fi ojú ọmọ náà wo àwọn àgbà. Mo ka Kúyè sí ìwé tí ó dára jù lọ tí Ọdúnjọ kọ, mo sì mọ̀ pé àwọn kan yóò bá mi jà lórí èyí.

Ọ̀rọ̀ mìíràn wà tí ó kàn wá ní Ìgbájọ àti ní gbogbo agbègbè tí Ìgbómìnà, Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì ti pàdé. Èdè tí a fi kọ ìwé kíkà wọ̀nyí kì í ṣe èdè tí ọmọ wa ń gbọ́ nílé. Yorùbá àjùmọ̀lò ni, èyí tí àwọn ìjọ gbé ka èdè Ọ̀yọ́ pẹ̀lú ìwọ̀nba tẹ̀gbá nínú rẹ̀. Ọmọ tí ó jẹ́ pé "ulé" ni ìyá rẹ̀ ń pe ilé, tí "ugbá" sì ń jẹ́ igbá, ní láti kọ́ Yorùbá kan sí i nígbà tí ó bá dé ọ̀dọ̀ wa. Ó yẹ kí ó kọ́ ọ. N kò sọ pé kí a má ní èdè àjùmọ̀lò. Ṣùgbọ́n mo jẹ́wọ́ pé nígbà tí mo ń máàkì ìwé ìdánwò, mo ti fi bírò pupa fa ìlà sí abẹ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú àròkọ tí ó dùn, mo sì yọ máàkì, ẹni tí kò ní nǹkan kan láti sọ, tí ó sì sọ ọ́ ní èdè àjùmọ̀lò, gba jù ú lọ.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀, àpẹẹrẹ kan láti òkèèrè yóò sì ràn wá lọ́wọ́. Ní àkókò tí àwọn ọmọ wa ń ka Aláwìíyé, olùkọ́ ọ̀dọ́ kan wà ní ilẹ̀ Ìráànì tí ń jẹ́ Samad Behrangi. Ìlú Tabriz, ní ìhà Azerbaijan, ni a bí i sí ní 1939. Èdè Tọ́kì ti Azerbaijan ni àwọn ènìyàn rẹ̀ ń sọ nílé, ṣùgbọ́n èdè Páṣíà nìkan ni ìjọba fi àṣẹ sí ní ilé-ìwé. Láti ọmọ ọdún méjìdínlógún ni ó ti ń kọ́ni ní àwọn abúlé agbègbè náà. Ó rí i pé ìwé tí wọ́n ń kó wá láti Tehran ń sọ̀rọ̀ nípa oúnjẹ, aṣọ àti ilé tí ọmọ abúlé kò fojú rí rí, ní èdè tí kò gbọ́. Ó kọ ìwé láti fi ẹ̀hónú rẹ̀ hàn. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Behruz Dehqani sì ń lọ láti abúlé dé abúlé, wọ́n ń gba àlọ́ Azerbaijan sílẹ̀.

Ìwé rẹ̀ tí ayé mọ̀ jù lọ, Ẹja Dúdú Kékeré, jáde ní 1968. Ìyá àgbà ẹja kan ni ó ń pa á ní àlọ́ lálẹ́ fún 12,000 ọmọ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀: ẹja kékeré kan kúrò nínú odò tí wọ́n bí i sí, nítorí pé ó fẹ́ mọ ibi tí omi náà ń ṣàn lọ. Kò padà wá. Nígbà tí àlọ́ parí tí gbogbo ẹja sùn, ọ̀kan ṣoṣo, ẹja pupa kékeré, kò rí oorun sùn. Òkun ni ó ń rò. Behrangi kú sínú odò Aras ní ọdún kan náà, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Farshid Mesghali tí ó ya àwòrán inú ìwé náà gba ẹ̀bùn Hans Christian Andersen, èyí tí gbogbo àgbáyé fi ń yẹ́ àwọn oníwèé ọmọdé sí, ní 1974.

Ẹ kíyè sí bí ìwé náà ti parí. Kò sí ìbéèrè ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ìdí kan ni pé kì í ṣe àtẹ ìwé ìdánwò ni ó gbà jáde. Ní Ìráànì, Ìgbìmọ̀ Ìwé Ọmọdé ti wà láti 1962, àjọ tí a ń pè ní Kanoon sì bẹ̀rẹ̀ ní 1965, ó ń kọ́ yàrá-ìkàwé fún ọmọdé, ó ń kó ìwé lọ sí abúlé, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì tẹ ìwé Behrangi. Ṣáájú wọn, Fazlollah Mohtadi tí a mọ̀ sí Sobhi ti ń pa ìtàn fún ọmọdé lórí rédíò Tehran láti 1940; ó ní kí àwọn ọmọ fi àlọ́ ìlú wọn ránṣẹ́ sí òun, ó sì kó wọn jọ sínú ìwé. Mehdi Azar-Yazdi kò tilẹ̀ rí ilé-ìwé lọ. Iṣẹ́ ìsọ̀ ìwé ni ó ń ṣe, láti àwọn ọdún 1950 ni ó sì ti ń tún ìtàn àtijọ́ ilẹ̀ Páṣíà sọ fún ọmọdé. Nínú àwọn tiwa tí mo ti dárúkọ, ẹ wá ẹnìkan tí kò ti ẹnu ọ̀nà ìjọ, ìjọba tàbí kíláàsì wọlé.

N kò wí pé Ìráànì sàn jù wá lọ. Ọmọ Tabriz kò rí ìwé kà ní ilé-ìwé ní èdè ìyá rẹ̀. Èdè Páṣíà ni Behrangi ní láti fi tẹ àlọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ kí ó tó lè jáde. Ọmọ Ìgbájọ rí ìwé Yorùbá kà. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé Behrangi ní òǹkàwé tí kò bá a nínú kíláàsì, àwọn òǹkọ̀wé wa kò sì fi bẹ́ẹ̀ ní.

Láàrin 1970 àti 1980 ni ó dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ wa fẹ́ yí padà. Ọládípọ̀ Yémitàn àti Ọlájídé Ògúndélé tẹ Ojú Òṣùpá jáde ní 1970. Ní 1973, Adébóyè Babalọlá, ọmọ Ìpetumodù, gbé Àkójọpọ̀ Àlọ́ Ìjàpá jáde ní apá méjì, orin sì wà níbẹ̀. Bí ọmọbìnrin Ìgbájọ yẹn bá ti rí ìwé yìí, kì bá tí nawọ́ sókè. Kọ́lá Akínlàdé ń kọ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ bíi Ta Ló Pa Ọmọ Ọba? (1971) àti Owó Ẹ̀jẹ̀ (1976), tí àwọn ọmọ ń gbà lọ́wọ́ ara wọn. Kékeré Ẹkùn tí Afọlábí Ọlábímtán kọ ní 1967 kò sì tíì tutù. Ní Ilé-Ifẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní 1970 ní ilé-ìwé Stephen Mímọ́ ní Modákẹ́kẹ́, níbi tí a ti fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní ohun gbogbo àyàfi Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí ìwé ìṣirò àti ti ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Yorùbá, nítorí náà wọ́n kọ ọ́ fúnra wọn. Àbájáde rẹ̀ fi hàn pé àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ta àwọn ẹgbẹ́ wọn yọ nínú àwọn iṣẹ́ mìíràn.

Àkókò yìí náà ni àkọtọ́ yí. Ní 1974 ni ìjọba fọwọ́ sí ìlànà tí a ń lò títí di òní: "aiye" di "ayé", "enia" di "ènìyàn", "ọkọnrin" di "ọkùnrin". Mo fara mọ́ àtúnṣe náà, n kò sì fẹ́ kí a padà sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n a kò sọ iye tí ó ná ọmọdé. Ìwé tí bàbá kà, tí ó sì fi pamọ́ fún ọmọ rẹ̀, di ìwé tí ó kún fún àṣìṣe ní ojú olùkọ́. Wọ́n tún Aláwìíyé tẹ̀ ní àkọtọ́ tuntun, ti Fágúnwà náà rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé ilé-ìwé ń rà wọ́n. Èyí tí ilé-ìwé kò rà kò rí ẹni tún un tẹ̀. Hethersett wà lára àwọn tí ó sọnù lọ́wọ́ ọmọdé lọ́nà bẹ́ẹ̀. Àwa tí ń ṣe ìwádìí ni ó ń ṣí i nísinsìnyí. Ní àwọn ọdún 1980, àlọ́ òṣùpá wọ orí tẹlifíṣọ̀n gbogbo orílẹ̀-èdè, ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń pa á.

Ó di 1990 kí n tó rí ìwé tí ó tún jẹ́ kí n gbàgbé pé olùkọ́ ni mí, ìyẹn Ogún Ọmọdé tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ. Ìgbésí ayé àwọn ọmọ oko ni, eré wọn, ìjà wọn, àṣìṣe wọn. Àgbà tí ń rántí ni ó ń sọ̀rọ̀, kò sì dá ọmọ inú rẹ̀ lẹ́jọ́. Àwọn olùṣèdánwò kan kò mọ ohun tí wọn yóò bi ọmọ nípa rẹ̀, nítorí pé kò ní ẹ̀kọ́ kan tí a lè fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀. Ìyìn ni mo fi èyí ṣe.

Ní ọdún àìpẹ́ yìí, ilẹ̀kùn tí ìwé wa ń gbà wọlé ń sé. Ní 2022 ni ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ètò pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ títí dé ìwé mẹ́fà. Ní oṣù kọkànlá 2025 ni mínísítà ètò-ẹ̀kọ́ kéde pé a ti fagi lé e, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa fi kọ́ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi ti sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn níbi gbogbo, n kò ní í tún un sọ. Ohun tí ìtàn yìí fi hàn mí ni pé bí ó bá jẹ́ kíláàsì nìkan ni ìwé ọmọdé fi ṣe ilé, ìwé àṣẹ kan ṣoṣo láti Àbújá tó láti sọ ọ́ di aláìnílé.

Lẹ́yìn ọjọ́ tí mo sọ ní ìbẹ̀rẹ̀, mo ṣe bí Sobhi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò tíì gbọ́ orúkọ rẹ̀ nígbà náà. Mo ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba àlọ́ kan lẹ́nu àgbà ilé wọn, kí ó kọ ọ́ bí ó ti gbọ́ ọ gan-an, pẹ̀lú orin. Mo fi bírò pupa sílẹ̀ nílé lọ́jọ́ tí mo gbà á. Àwọn kan kọ ojú-ìwé kan, àwọn kan kọ mẹ́rin. Ọmọkùnrin kan tí kì í dáhùn ìbéèrè rárá kọ méje, ó sì fa ìlà lábẹ́ gbogbo ibi tí ó yẹ kí a ti gbè é. Mo di wọ́n pọ̀ pẹ̀lú okùn, mo sì gbé e sórí tábìlì lẹ́yìn kíláàsì, láìsí ìbéèrè kankan ní ìsàlẹ̀. Kí sáà náà tó parí, ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, ẹnìkan sì ti jí ojú-ìwé mẹ́ta lọ.